Àkọ́rọ̀ Òjò Tudun Yashi

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹrin, 2018. Oǹdó

Òjò. Láti aago méjìlá ọ̀sán títí di mẹ́rin. Ó ń na páànù bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ó ṣàn wọ gọ́tà, ó gbé ike àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń fi ojú kòkòrò wò ó. Garawa mẹ́wàá péré nínú omi yìí, ohun tí Delu, ọ̀rẹ́ mi ní ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún, ìbá fi ṣe!

Ó pé oṣù mẹ́ta lónìí tí mo kúrò ní Tudun Yashi. Jìgáwá lọ́hùn-ún, ó kù díẹ̀ kí èèyàn kan ààlà Nìjẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àjọ wa. Èmi Kíkẹ́lọmọ, ọmọ àgbẹ̀ kòkó, ọmọ ilẹ̀ tútù, mò ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè rí oúnjẹ mú jáde nínú ilẹ̀ tí òjò kì í bẹ̀ wò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dún. Wọ́n pè mí ní oṣù Kíní pé ẹ̀gbà ti kọlu Bàbá. Apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ohùn. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì ni màá lò.

Bàbá wà nínú yàrá. Rédíò ń sọ̀rọ̀ sí wọn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń bá rédíò jà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Delu pè láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ, bí ẹni tó jẹ ìyẹ̀fun. Ó ní, "Málámà, kòtò ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti di pátákò ràkúnmí. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sanra?"

Mo ní mò ń sanra. Irọ́ ni.

Àwọn obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mò ń kọ́ ni, Delu sì ni olórí wọn; Málámà, ìyẹn olùkọ́, ni wọ́n ń pè mí. Ọjọ́ orí wa ò ju ara wọn lọ, ó ti bímọ méje, ó ti sin méjì. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ: ó le, ó ń dán, tí èèyàn bá fi ọkọ́ lù ú á dún. Mo sọ ọ́ ní Ilẹ̀ Irin. Ọdún kejì rèé tí mo dúró níwájú baálẹ̀ wọn, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá àwọn obìnrin náà ní ilẹ̀ náà lò. Ó ní òjò mẹ́ta ni òun fún wọn, ọdún mẹ́ta nìyẹn. Tí ilẹ̀ yẹn ò bá mú nǹkan gidi wá lẹ́yìn òjò mẹ́ta, ọmọ òun ọkùnrin á máa da ẹran níbẹ̀.

Òjò kìíní, a rí díẹ̀. Òjò kejì, ẹyẹ jẹ ìdajì jéró lórí ìdúró. Ti ọdún yìí ni ìkẹta.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò nínú ooru yìí, kòtò kéékèèké, kí wọ́n da ìgbẹ́ ẹran sí i, kí omi òjò lè dúró níbẹ̀ dípò kó sáré kọjá lórí ilẹ̀ líle. Èmi ni mo kọ́ wọn. Èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún baálẹ̀ pé kí àkọ́rọ̀ òjò kẹta tó rọ̀, èmi á ti wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 25. Àkúrẹ́

Mo gbé Bàbá wá sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin tó máa ń bá wọn na ẹsẹ̀ ní ó ń dára sí i. Ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ó dùn yín?" Wọ́n wo ògiri.

Lẹ́yìn náà, Ìjàpọ̀, ilé Àǹtí Agnes, àbúrò Bàbá. Dáyírẹ́kítọ̀ ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní Alágbàká, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń rìn bí ẹni tí fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní àyè kan ń bọ̀ ní Alágbàká, fún ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti bá ẹni tó yẹ kí àwọn bá sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní mo ní iṣẹ́. "Òkè Ọya nìkan ni ebi ń pa èèyàn ni, Kíkẹ́? Ta ló fẹ́ máa gbé bàbá rẹ wá síbí?"

 Bàbá ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ìrẹsì ń já sílẹ̀. Mo ṣà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo ṣe ń ṣà á, Ilẹ̀ Irin ni mò ń rò.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kàrún. Oǹdó

Mo lálàá eruku. Mo jí, inú mi dùn, kí n tó gbọ́ òjò lórí páànù.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Àjọ wa ti rán ẹnì kan sí àyè mi "fún ìgbà díẹ̀." Jethro ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Plateau, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: òun rèé níwájú ilé mi — ilé tí mo gbé! — ó wọ bàtà ńlá tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Gbogbo wọn ń dárúkọ yín." Ọmọlúàbí. Mo kórìíra bàtà yẹn.

Lẹ́tà náà tún ní: kí n jẹ́ kí àwọn mọ̀, kí oṣù Kẹfà tó parí, bóyá mò ń padà bọ̀ tàbí mi ò padà mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Delu ní tí àwọn bá ti jẹ sààrì tán àwọn á jáde lọ gbẹ́ kòtò, kí oòrùn tó mú. Láìmu omi! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n rọra. Ó ní ilẹ̀ ò gba ààwẹ̀.

Mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí ní wákàtí yẹn. Ojú ọ̀run á kọ́kọ́ pupa bí inú ìbẹ́pẹ. Ewúrẹ́ kan á wúkọ́. Lẹ́yìn náà á wá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tó gbòòrò débi pé èèyàn á gbọ́ ìró ọkọ́ ẹnìkan láti ìkangun oko dé ìkangun. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ ní Oǹdó. Jẹnẹrétọ̀, ariwo ọ̀kadà, ilé ìjọsìn mẹ́ta lójú pópó kan.

Kí ló ń ṣe mí? Ilé bàbá mi nìyí. Ibí ni wọ́n bí mi sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kẹfà

Kòtò ti pé! Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran ti wà nínú gbogbo rẹ̀. Ó ku òjò.

Irúgbìn tó wà lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan kò ju kóńgò jéró kan àti ààbọ̀ kóńgò ẹ̀wà lọ. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún un sọ fún Delu lẹ́ẹ̀mẹta: òjò àkọ́kọ́ tó bá kún kòtò, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n gbìn. Kí wọ́n má fi ọjọ́ kan ṣòfò. Òjò wọn kúrú, ọjọ́ kan tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

 Ó ní, "Ohun yòówù ká rí, tó bá ti rọ̀, ká gbìn?"

Mo ní, "Ẹ gbìn."

Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Òjò ti rọ̀ ní Tudun Yashi! Jethro ló fi ránṣẹ́: ó rọ̀ lálẹ́ àná fún wákàtí kan gbáko, gbogbo kòtò kún dẹ́múdẹ́mú. Mo pariwo. Nímọ́tà, aládùúgbò wa tó máa ń bá mi jókòó ti Bàbá, sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n. Mo dì mọ́ ọn. Mo sọ fún Bàbá: "Bàbá, òjò ti rọ̀ fún wọn!" Wọ́n wò mí. Wọ́n wojú mi pẹ́.

Mo pe Delu. Fóònù rẹ̀ kú. Wọ́n wà lóko ni, wọ́n ń gbìn. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí: wọ́n ń gbìn, èmi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Fóònù rẹ̀ ṣì kú. Jethro ti lọ sí Kano fún ìpàdé ọ̀sẹ̀ méjì, kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 11. Àkúrẹ́

Ọjọ́ mẹ́rin, fóònù ò lọ. Mo ti pe obìnrin méjì mìíràn tó ní fóònù níbẹ̀, tiwọn náà kú. Ejò ni? Ibà? Àbí ẹnì kan ṣubú nínú ààwẹ̀, nínú oòrùn yẹn?

Báyìí ni mo ṣe lọ sí Alágbàká fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tí mo ti ní mi ò fẹ́. Dáyírẹ́kítọ̀ fúnra wọn ló fi mọ́tò gbé mi láti Ìjàpọ̀, wọ́n tún kọ́là aṣọ mi ṣe lẹ́nu géètì bí ìgbà tí mo ń lọ ṣèdánwò àṣejáde. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Èyí tó dàgbà jù bi mí pé, "Àgbẹ̀ kan wá bá ẹ, ẹ̀rù ń bà á, kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbìn. Kí lo máa sọ fún un?"

Mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo sọ nípa Tudun Yashi. Mo ní àgbẹ̀ tó bá ń bẹ̀rù òjò àkọ́kọ́, ebi ló ń gbìn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n mirí. Mo mọ̀ pé mo ti gba iṣẹ́ náà.

Nínú mọ́tò tó gbé mi padà sí Oǹdó, mo pe Delu títí dé Ọ̀wẹnà. Fóònù ṣì kú.

Ọjọ́rú, 13

Delu pè! Àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Ó ní fóònù ló bàjẹ́. Fóònù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ní, "Iṣẹ́ oko ńkọ́?" Ó ní, "Máa gbàdúrà fún wa, Málámà." Ó ní ẹnì kan ń pe òun. Ó gé e.

Delu kì í yára gé ìpè. Delu tó jẹ́ pé tó bá ń dágbére, omi lè hó lórí iná kó tó tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ìtúnu ààwẹ̀. Nímọ́tà gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún wa. Bàbá jẹ ẹ́ tán. Tudun Yashi ò pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Jethro ti padà láti Kano. Mo kọ ohun tó sọ síbí bó ṣe sọ ọ́, kí n má baà yí i padà fún ara mi.

Òjò kò tún rọ̀ láti ọjọ́ keje oṣù yìí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Gbogbo àwọn ọkùnrin ló gbìn lọ́jọ́ kejì òjò yẹn, jéró wọn hù, ó ga tó ìka kan, oòrùn sì jó o di koríko gbígbẹ. Irúgbìn wọn lọ. Mo bi í pé, "Ilẹ̀ àwọn obìnrin ńkọ́?"  Ó ní, "Mà, mo lọ wò ó lánàá. Kò sí ewé kan níbẹ̀."

Kò sí ewé kan.

Ẹnu mi ni. Ẹnu tèmi ló ní kí wọ́n gbìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mi ò lè pè é. Kí ni màá sọ?

Ọjọ́rú, 27. Àkúrẹ́

Mo ti ṣe é. Mo kọ̀wé sí àjọ pé mò ń padà bọ̀. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn, mo ra ẹ̀wà olọ́gọ́ta ọjọ́ tó máa ń tètè pọ́n, àpò kan tí mo lè gbé. Tí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ààyè ṣì wà. Mo gba ìjókòó nínú ọkọ̀ Kano, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n mi Adélaní á wá láti Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní òun lè dúró fún oṣù kan. Nímọ́tà á máa wá ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ńkọ́? Mi ò mọ̀.

Lẹ́tà Alágbàká ti dé sọ́wọ́ Dáyírẹ́kítọ̀. Wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mò ń lọ, wọn ò pariwo bí mo ṣe rò. Wọ́n jókòó sórí àga ìdáná. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ẹ ní oko nígbà tó o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń gbé ẹ lé èjìká wọn lọ. Lónìí wọn ò lè gbé ara wọn dé ṣáláńgá, o ń lọ gbé àwọn ẹlòmíràn."

Mo ní, "Àǹtí, èmi ni mo pa irúgbìn wọn."

Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o jẹ́ òjò?"

Ọjọ́bọ̀, 28. Oǹdó

Mo sọ fún Bàbá. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ilẹ̀, òjò, irúgbìn, ìlérí tí mo ṣe fún baálẹ̀. Omi bọ́ lójú òsì wọn. Ọwọ́ wọn wá orí mi, wọ́n gbé e lé e. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń súre fún mi ni àbí wọ́n ń dì mí mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Mo di ẹrù. Aṣọ díẹ̀, irúgbìn púpọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Keje

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìjọsìn dé, àwọn èèyàn kún pálọ̀ láti kí Bàbá, nígbà tí fóònù dún. Delu. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo dúró lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Málámà, a ti gbìn láàárọ̀ yìí."

Mo ní, "Ẹ gbin kí ni? Kí ló kù tẹ́ ẹ gbìn?"

Ó ní, "Irúgbìn wa. Gbogbo rẹ̀."

Wọn ò gbìn nígbà yẹn rárá. Kóńgò wọn pé títí di òní. Ìdí nìyẹn tí Jethro ò fi rí ewé kan lórí Ilẹ̀ Irin: kò sí nǹkan tó kú níbẹ̀, nítorí kò sí nǹkan tí wọ́n fi síbẹ̀.

Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gawo. Ẹlẹ́gùn-ún ni. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo igi: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń rúwé, ìgbà òjò ló máa ń wọ́wé. Delu ní lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ yẹn rọ̀, ewé gbogbo gawo ìlú ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí wọn. "Ìyá mi sọ fún mi, ìyá tirẹ̀ sọ fún un: tí gawo ò bá tíì ju ewé rẹ̀ sílẹ̀, àlejò ni òjò yẹn, kò ní sun ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Òjò rọ̀ níjẹta. Ó tún rọ̀ lánàá. A gbìn."

Ọdún mẹ́sàn-án. Abẹ́ gawo ni mo ti ń mu fúrá. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀ rí.

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

 Mo gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "A jókòó lé e lórí lálẹ́ òjò yẹn. Àwọn kan ní ká pè ọ́. Mo ní rárá. Mo ní tí Málámà bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sí wa létí pé ká gbìn, a ó gbìn ni. Ta ló lè wo ojú rẹ, lẹ́yìn gbogbo ohun tó o ṣe fún wa, kó sọ pé a ò ní gbìn? Nítorí náà a pa fóònù. Mo gba ti gbogbo wọn, mo kó o sínú ìkòkò. Títí ilẹ̀ fi gbẹ padà, tí kò fi sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè gbìn mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹkún gbé e mì. Ó ń pè mí, "Málámà? Málámà?"

Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi ni mà bá gbé kóńgò àkọ́kọ́. Mà bá dúró lórí ilẹ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mà bá máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọn ì bá gbìn, kí inú mi lè dùn.

Mo sọ fún un pé ọ̀la ni mò ń bọ̀, pé irúgbìn wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi fún ẹni tí kò ní. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lára ọmọ: "Tí ẹ̀wà bá pọ́n, wá. Wá jẹun. Jókòó síbòji. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́ lé ọ lọ́wọ́."

Mo wọlé. Àwọn àlejò ń kọrin fún Bàbá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 2

Ọkọ̀ Kano gbéra láago mẹ́fà ní Àkúrẹ́. Mi ò sí nínú rẹ̀. Nígbà tó fi lọ, orí ẹrù mi ni mo jókòó sí ní pálọ̀, mo ti wọ bàtà, mi ò mọ ẹni tí mo wọ̀ ọ́ fún. Mò ń wá bí màá ṣe sọ fún Bàbá pé mi ò lọ mọ́. Pé ibi tí mò ń sáré lọ ti sọ fún mi, pẹ̀lú ìfẹ́, pé wọ́n lè dá a ṣe.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo rò pé Nímọ́tà ni.

Bàbá ni. Wọ́n jáde fúnra wọn. Wọ́n ti wọ bùbá funfun, bọ́tìnnì rẹ̀ lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, wọ́n dé fìlà. Ọwọ́ òsì wọn wà lára ògiri. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Láti yàrá wọn dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, wọn ò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kíní. Nímọ́tà wà lẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ o. Láti ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lábẹ́ẹnu, tẹ́ ẹ bá ti lọ sẹ́yìnkùlé."

Wọ́n dúró níwájú mi. Òógùn bò wọ́n. Ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́, ó ṣíwọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Máa… lọ. Ọmọ mi. Máa lọ."

Ohùn Bàbá! Ó ti fẹ́lẹ́, ó wọ́, ṣùgbọ́n òun ni.

  Mo kàn jókòó sórí ẹrù, mò ń wò wọ́n.

Wọ́n rò pé mi ò gbọ́ ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n di ògiri mú dáadáa, wọ́n tún un sọ.